Láti Èkó Dé Lomé ní Etí Òkun: Ìtọ́sọ́nà fún Tọkọtaya Tó Fẹ́ Wa Ọkọ̀ Ara Wọn

Láti Mile 2 ní Èkó dé Lomé, olú ìlú Tógò, bíi 270 kìlómítà péré ni. Bí ọ̀nà bá dá, tí ẹnubodè kò sì há, ẹni tó jẹun àárọ̀ l'Ékòó lè jẹun alẹ́ ní Lomé. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ tọkọtaya ti ń pàdánù ohun tí wọ́n torí ẹ̀ jáde nílé. Ọ̀nà ńlá yìí ń bá òkun rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àmọ́ kì í jẹ́ kéèyàn rí i. Láti Mile 2 dé Àgbádárìgì, ẹ ò ní rí òkun rárá, torí ọ̀sà ló wà láàárín. Láti Ouidah dé Comé, ní orílẹ̀-èdè Benin, ọ̀nà yà wọ inú ilẹ̀. Ibi tí ojú ọ̀nà ti kan omi gan-an kò pọ̀: ẹ̀bá Krake lẹ́yìn ẹnubodè, àti láti Aného, ní Tógò, lọ sí Lomé. Ibi yòókù, àfi kí ẹ yà sọ́wọ́ òsì. Gbogbo ètò tó wà nísàlẹ̀ yìí dá lé yíyà sọ́wọ́ òsì yẹn, ọjọ́ mẹ́jọ ni a sì ṣe é fún ní àlọ àti àbọ̀. Bí ẹ bá ní ọjọ́ mẹ́rin péré, ẹ má dé Lomé. Ẹ dúró ní Grand-Popo, ní Benin, kí ẹ padà.

Àsìkò

Ìparí oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ló dára jù. Òjò ńlá máa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin, ó sì máa ń le jù ní oṣù kẹfà. Òjò kékeré tún ń bọ̀ ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Oṣù kẹjọ máa ń gbẹ díẹ̀, afẹ́fẹ́ sì tutù, ṣùgbọ́n ìgbì òkun máa ń ga lásìkò náà, kò dáa fún ẹni tó fẹ́ fẹsẹ̀ kan omi. Bí ọyẹ́ bá ti dé ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní, eruku rẹ̀ máa ń bo ojú ọ̀run láàárọ̀. Ẹ̀yin tó fẹ́ ya fọ́tò, ẹ dúró di ọ̀sán.

Àsìkò kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ pinnu lé lórí kí ẹ tó jáde: àwọn ọjọ́ tó wà nítòsí ọjọ́ kẹwàá oṣù kìíní. Ìsinmi ìjọba wà ní Benin nígbà náà fún ọdún Vodun, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wọn, Ouidah sì máa ń kún fọ́fọ́ láti ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú. Ẹni tó fẹ́ ọdún náà gbọ́dọ̀ ti gba yàrá lóṣù méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú. Ẹni tó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́, kó yẹra fún gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ta ló ń wakọ̀, ta ló ń wòran

Ìhà ìwọ̀ oòrùn lẹ ń lọ, nítorí náà ọwọ́ òsì ni òkun wà ní àlọ, níbi tí awakọ̀ jókòó sí. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á máa wo ilé àti igbó. Ní àbọ̀, òkun á bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún, ẹni tí kò wakọ̀ ni yóò rí i dáadáa. Ẹ̀yin méjèèjì tí ẹ mọ ọkọ̀ wà, ẹ pín in bẹ́ẹ̀: ẹni tó fẹ́ràn fọ́tò kó wakọ̀ ní àlọ, kó sinmi ní àbọ̀. Bí ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ọkọ̀ wà, kí ẹnì kejì jókòó sẹ́yìn awakọ̀ láti Aného dé Lomé, wákàtí kan péré ni.

Oòrùn náà ní tirẹ̀. Ní àlọ, láti nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán ni yóò máa wọ ojú awakọ̀ lọ. Ní àbọ̀, àárọ̀ kùtù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Torí náà, ìrìn àlọ gbọ́dọ̀ parí kí ọ̀sán tó pọ́n jù, ìrìn àbọ̀ sì lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án. Ẹ má wakọ̀ lálẹ́ rárá. Alùpùpù tí kò ní iná ẹ̀yìn pọ̀ lójú ọ̀nà Benin àti Tógò, àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó bàjẹ́ sì máa ń dúró sí àárín títì pẹ̀lú ewé lásán láti fi kìlọ̀.

Ìwé

Ìwé ló ń dá èèyàn padà lójú ọ̀nà yìí ju táyà lọ. Ti ènìyàn àti ti ọkọ̀ kò gbọdọ̀ wà nínú fáìlì kan náà.

Ti ènìyàn: pásípọ́ọ̀tù tí ó ṣì ní oṣù mẹ́fà ó kéré tán, àti káàdì yẹ́lò tó fi hàn pé ẹ ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS kò nílò físà, ó sì lè lo 90 ọjọ́. Abẹ́rẹ́ náà kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn tí ẹ gbà á ni káàdì yín tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ojúlówó, nítorí náà ẹ má ra á lójú ọ̀nà lọ́jọ́ ìrìnàjò. Láti ọdún 2016 ni wọ́n ti fòpin sí àtúngbà ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀kan tó títí ayé. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé ìgbéyàwó ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ìdánimọ̀ ni wọ́n ń béèrè.

Ti ọkọ̀: láísẹ́ǹsì ọkọ̀, ìwé ẹ̀rí pé tiyín ni, ìwé ẹ̀rí pé ó yẹ lójú ọ̀nà, láísẹ́ǹsì awakọ̀ ti ẹnikẹ́ni tó máa di ọwọ́ ọkọ̀ mú, àti Brown Card ECOWAS. Ìnṣọ́ráǹsì Nàìjíríà lásán dópin ní Sèmè. Brown Card ló ń bójú tó ohun tí ọkọ̀ yín bá ṣe fún ẹlòmíràn ní Benin àti Tógò. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ìnṣọ́ráǹsì yín ni kí ẹ ti gbà á, kí ẹ sì wò ó bóyá orúkọ orílẹ̀-èdè méjèèjì wà lára rẹ̀. Bí orúkọ tó wà lórí ìwé ọkọ̀ kò bá jẹ́ ti ẹni tó ń wà á, kódà bó jẹ́ orúkọ ọkọ ló wà níbẹ̀ tí ìyàwó sì ń wakọ̀, ẹ mú lẹ́tà àṣẹ tí ẹni náà fọwọ́ sí dání, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà lédè Faransé. Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ sínú fóònù méjèèjì, kí ẹ sì tẹ ẹ̀dà méjì méjì.

Ọkọ̀, epo àti owó

Ọkọ̀ kékeré tó dáa tó fún ìrìn yìí. Ẹ ṣàyẹ̀wò bíréèkì, bẹ́líìtì ẹ́ńjìnì, omi rédíétọ̀ àti ọjọ́ orí táyà. Ẹ kó táyà àpọ́jù tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀, jáàkì, sípánà, ẹ̀rọ ìfẹ́táyà tó ń lo iná ọkọ̀, káṣọ̀n onígun mẹ́ta, ẹ̀rọ panápaná tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì, ṣọ́bìrì kékeré, pákó pẹlẹbẹ méjì tó gùn tó apá, okùn líle tó tó mítà 20, àti kẹ́ẹ̀gì òfìfo lítà márùn-ún tó ní ìdérí. Kẹ́ẹ̀gì àti okùn yẹn ní iṣẹ́ pàtàkì létí òkun. A ó dé ibẹ̀.

Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 540 kìlómítà, ẹ fi 100 kún un fún yíyà sí etí òkun. Ọkọ̀ tó ń jẹ lítà 10 ní 100 kìlómítà á jẹ nǹkan bí lítà 64. Ẹ kún táǹkì ní Àgbádárìgì kí ẹ tó kọjá. Ní Benin, ẹ máa rí epo nínú ìgò àti ṣágo lẹ́bàá títì. Kpayo ni wọ́n ń pè é, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ wá láti Nàìjíríà lọ́nà ẹ̀bùrú. Alùpùpù lè gbà á mọ́ra. Ọkọ̀ òde òní kò lè gbà á, torí omi àti ìdọ̀tí inú rẹ̀ ń dí ìnjẹ́tọ̀: ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́ tí ẹ bá tẹ epo, agbára rẹ̀ á sì dínkù. Ilé epo ni kí ẹ ti rà á, kí ẹ sọ pé "le plein" bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n kún un.

Benin àti Tógò ń ná owó kan náà, séfà. 655.957 séfà ni Yúrò kan, kì í yí padà. Náírà ló ń yí. Ẹ wo iye náírà sí séfà lórí fóònù yín láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ máa kọjá, kí ẹ kọ ọ́ sórí ìwé: 10,000 séfà jẹ́ náírà mélòó? Ẹ ṣẹ́ ìwọ̀nba tí yóò gbé yín dé Kútọnu, ẹ fi káàdì gba ìyókù lẹ́nu ẹ̀rọ báǹkì. Ẹ pín owó sí ọ̀nà mẹ́ta: ti ọkọ, ti ìyàwó, àti èyí tó wà ní kọ̀rọ̀ inú ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn. Bílì kékeré, 500 àti 1,000, ni kí ẹ pọ̀ lọ́wọ́, nítorí olùtajà lẹ́bàá ọ̀nà kì í ní ṣéńjì fún 10,000.

Ọjọ́ kìíní: Èkó sí Àgbádárìgì

Ẹ kúrò nílé kí aago mẹ́fà àárọ̀ tó lù. Sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ tó wà láàárín Mile 2 àti Agbára lè gba wákàtí mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tó bá pẹ́ jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ aláṣọ pọ̀ lójú ọ̀nà yìí, ẹ rọra máa lọ, ẹ tan iná inú ọkọ̀ bí ojú ọjọ́ bá ṣú, ẹ kí wọn, ẹ jẹ́ kí ìwé wà nítòsí. Ìkanra kì í yára ju ìkíni lọ níbẹ̀.

Ẹ sun Àgbádárìgì mọ́jú. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹnubodè dára jù láàárọ̀, ìlú náà sì ní ohun tí ẹ máa fi odindi ọ̀sán wò. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n kọ́ parí ní 1845, ṣì dúró ní tòsí ọ̀sà. Ilé Seriki Abass tí wọ́n ń kó ẹrú sí wà nítòsí rẹ̀; ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wọ yàrá kan, kí ẹ fọwọ́ kan ògiri méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó mọ bó ti kéré tó. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà lọ sí Gberefu. Ẹ gba jákẹ́ẹ̀tì ìléfòó kí ẹ tó jókòó, ẹ sì fohùn ṣọ̀kan lórí iye owó àlọ àti àbọ̀ kí ọkọ̀ tó ṣí. Lókè odò, iyanrìn ni ẹ máa fẹsẹ̀ rìn títí ẹ ó fi dé ibi àmì Ìlọ-Láìbọ̀, lẹ́bàá òkun. Omi mímu ìgò méjì ni kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbé, bàtà tí kì í gba iyanrìn sínú ni kí ẹ wọ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló dùn jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ọlọ́kọ̀ ń dúró dè yín kó tó di aago mẹ́fà.

Ọjọ́ kejì: Sèmè, lẹ́yìn náà Àjàṣẹ́

Láti Àgbádárìgì dé Sèmè jẹ́ bíi 20 kìlómítà. Ẹ débẹ̀ ní aago mẹ́jọ. Báyìí ni kí ẹ ṣe é:

1. Kí ẹ tó dé ẹnubodè, ẹ dúró, ẹ kó pásípọ́ọ̀tù àti káàdì yẹ́lò sọ́wọ́. Ẹ ti gíláàsì ọkọ̀ sókè, nítorí àwọn tó máa sáré bá yín pé àwọn á bá yín ṣe é kíákíá pọ̀. Ẹ dá wọn lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín pé ẹ ti mọ̀ ọ́n, ẹ má gbé ìwé lé wọn lọ́wọ́.
2. Ẹnì kan dúró ti ọkọ̀, ẹnì kejì lọ fún òǹtẹ̀ ìjáde Nàìjíríà àti òǹtẹ̀ ìwọlé Benin. Ẹ sì pààrọ̀. Olúkúlùkù ló gbọ́dọ̀ fojú ara rẹ̀ hàn.
3. Ẹ ṣí pásípọ́ọ̀tù lójú ẹsẹ̀, ẹ wo òǹtẹ̀ méjèèjì: ṣé ọjọ́ tòní ló wà níbẹ̀, ṣé ó hàn? Òǹtẹ̀ tí kò sí ni yóò dá yín dúró lọ́jọ́ àbọ̀.
4. Ọ̀dọ̀ kọ́sítọ̀ọ̀mù Benin ni ọkọ̀ ti máa gba ìwé ìwọlé onígbà díẹ̀, tí wọ́n ń pè ní laissez-passer. Ọjọ́ tó máa parí wà lára rẹ̀. Ẹ béèrè ọjọ́ tó kọjá ọjọ́ àbọ̀ yín dáadáa. Ẹ ka nọ́ńbà ọkọ̀ àti nọ́ńbà ṣásíìsì lórí ìwé náà, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, kí ẹ tó kúrò lójú fèrèsé. Lẹ́tà kan tí wọ́n ṣì kọ á máa bá yín jà ní gbogbo ibi àyẹ̀wò títí dé Hillacondji, ẹnubodè Benin àti Tógò.
5. Owó yòówù tí ẹ bá san, ẹ béèrè "reçu", ìyẹn rìsíìtì.

Lẹ́yìn ẹnubodè, àgbọn bẹ̀rẹ̀, òkun sì yọ lọ́wọ́ òsì. Ẹ wakọ̀ jẹ́jẹ́. Kí ẹ̀yin méjèèjì di bẹ́líìtì ìjókòó, torí àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan ń ti ọ̀tún àti òsì yọ. Ẹ wo díńgí kí ẹ tó yà. Ní Sèmè-Kpodji, ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún lọ sí Àjàṣẹ́ tí Faransé ń pè ní Porto-Novo. Ìgbà kan ṣoṣo tí a ní kí ẹ kẹ̀yìn sí òkun nìyí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní Àjàṣẹ́, Yorùbá ni ẹ lè fi ra nǹkan, kí ẹ fi béèrè ọ̀nà. Mọ́ṣáláṣí ńlá ibẹ̀, tí àwọn Mùsùlùmí Àgùdà tó ti Bùràsíìlì dé kọ́, rí bíi ṣọ́ọ̀ṣì Bahia láti iwájú: òdòdó alámọ̀, ọ̀wọ̀n gígùn, ọ̀dà aláràbarà. Ẹni tó bá mọ ilé Àgùdà l'Ékòó á dá ọwọ́ náà mọ̀. Ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn Songhai, tí Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, ní ilé oúnjẹ àti yàrá. Ibẹ̀ dára fún oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ jẹ wàrà pupa tí wọ́n ń pè ní wagasi, tí wọ́n fi ewé ọkà bàbà pa láró, àti àmíwó, àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n ro pẹ̀lú ọbẹ̀ tòmátò. Àkàsà tí ẹ máa rí kò jìnnà sí ẹ̀kọ wa.

Ọjọ́ kẹta: Kútọnu àti ọ̀nà apẹja

Ẹ má pẹ́ ní Kútọnu. Ẹ kọjá tóògéètì Ekpè, ẹ wo ère obìnrin ajagun Dahomey, mítà 30 ni gíga rẹ̀, ẹ gba owó, ẹ ra síìmù kí máàpù lè máa ṣiṣẹ́. Láti oṣù kọkànlá 2024, nọ́ńbà fóònù Benin ti di díjíìtì mẹ́wàá, 01 ló sì bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà hòtẹ́ẹ̀lì àtijọ́ tí ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní lọ bí ẹ kò bá fi 01 kún un lẹ́yìn +229.

Kàkà kí ẹ gba ọ̀nà ńlá lọ sí Ouidah, ẹ gba Fidjrossè bọ́ sórí Route des Pêches, ọ̀nà apẹja. Èyí ló rẹwà jù nínú gbogbo ìrìn yìí: òkun lọ́wọ́ òsì, àgbọn lọ́wọ́ ọ̀tún, àwọn ọkùnrin ogún sí ọgbọ̀n tí wọ́n to ara wọn lórí okùn kan tí wọ́n ń fa àwọ̀n wá sétí omi pẹ̀lú orin. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà náà ti ní ọ̀dà. Níwájú, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ tó ń bọ̀ kí ẹ tó tẹ̀ síwájú, torí iṣẹ́ ọ̀nà ń yí ibẹ̀ padà. Bí ọ̀dà bá parí tí ọkọ̀ yín bá lọ sílẹ̀, ẹ yí padà.

Bí ẹ bá há sínú iyanrìn, ẹ má tẹ epo. Gbogbo bí táyà ṣe ń yí lójú kan ló ń gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀, títí abẹ́ ọkọ̀ á fi jókòó. Ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ fi ṣọ́bìrì kó iyanrìn kúrò níwájú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ títí á fi ku nǹkan bí 20 psi, kí ẹsẹ̀ táyà lè tẹ́, ẹ ti pákó sábẹ́ àwọn táyà tí ẹ́ńjìnì ń yí, kí ẹnì kan wà á ní jíà kìíní láì tẹ epo jù. Kí ẹnì kejì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kó má dúró lẹ́yìn níbi tí pákó lè fò sí. Bí ó bá jáde, ẹ má dúró títí ẹ ó fi dé ilẹ̀ líle, lẹ́yìn náà kí ẹ tún fẹ́ táyà padà sí iye tí olùṣe kọ sára ilẹ̀kùn. Táyà tó rọ̀ lórí ọ̀dà máa ń gbóná, ó sì lè bẹ́.

Ọjọ́ kẹrin: Ouidah

Àárọ̀ ni kí ẹ rin ọ̀nà ẹrú, bíi kìlómítà mẹ́rin láti àárín ìlú dé Ẹnu Ọ̀nà Àìpadà tí wọ́n ṣí ní 1995. Ẹsẹ̀ ló yẹ kí ẹ fi rìn ín ní àlọ. Zémidjan lè gbé yín padà. Tẹ́ńpìlì erè òjòlá wà ní òdìkejì ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ńlá, ẹ lè rí méjèèjì láàárín wákàtí kan. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó ya fọ́tò ojúbọ tàbí ènìyàn. Egúngún tó bá jáde, ẹ mọ̀ ọ́n nílé: ẹ fi àyè sílẹ̀, ẹ má sún mọ́ aṣọ.

Ní Djègbadji, lójú ọ̀nà òkun, àwọn obìnrin ń se iyọ̀. Ẹ yà síbẹ̀. Wọ́n á ha ilẹ̀ tí iyọ̀ ọ̀sà ti mu, wọ́n á dà á sínú agbọ̀n, wọ́n á fi omi ọ̀sà sẹ́ ẹ. Omi tó kán sísàlẹ̀ ni wọ́n ń sè lórí iná igi títí tí iyọ̀ funfun á fi dì mọ́ ìdí ìkòkò. Ẹ fi ọmọ ìka tọ́ omi tó kán wò kí ẹ tó tọ́ ti ọ̀sà, ìyàtọ̀ rẹ̀ á ṣe kedere. Ẹ ra iyọ̀ náà. Ó wúlò nínú ọbẹ̀, ó sì jẹ́ owó tó lọ tààrà sọ́wọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ karùn-ún: Grand-Popo

Láti Ouidah, ẹ gba ọ̀nà ńlá kọjá Comé, kí ẹ yà sọ́wọ́ òsì ní ìkòríta Grand-Popo lọ sétí omi. Ẹ jẹ ablo, oúnjẹ funfun tí wọ́n fi ooru inú ìkòkò sè, pẹ̀lú ẹja díndín àti ata. Ẹ gba ọlọ́kọ̀ ọpọ́n lọ sí Bouche du Roi, níbi tí odò Mono ti ń bọ́ sínú òkun. Aago méje àárọ̀ ni kí ẹ lọ: omi parọ́rọ́, ẹyẹ pọ̀. Láti nǹkan bí oṣù kẹsàn-án sí oṣù kejì, ìjàpá òkun ń gòkè wá yé ẹyin lálẹ́. Ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ẹ má sì fi iná fóònù yà á, torí iná máa ń lé e padà láìyé.

Níbi yìí ni a ti fẹ́ kí ẹ ka ọ̀rọ̀ omi dáadáa, torí òkun gbogbo ẹkùn yìí ń pa ènìyàn. Nígbà tí ìgbì bá ya lọ́tùn-ún àti lósì, tí àárín wọn sì parọ́rọ́, tí omi ibẹ̀ dúdú díẹ̀ tàbí tó pọ́n pẹ̀lú iyanrìn, ojú àlejò á rí i bí ibi tó dáa láti wọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni omi tó ti wá sétí ti ń padà lọ sí agbami, ó sì yára ju ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ lọ. Ẹ dúró lórí iyanrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ máa wo òkun kí ẹnikẹ́ni tó fẹsẹ̀ kàn án. Ẹ má jẹ́ kí omi kọjá orúnkún yín, ẹ má sì wọ̀ ọ́ lẹ́yìn ọtí, sodabi pàápàá, tó jẹ́ ògógóró wọn.

Bí omi bá fa ẹnì kan: kó má bá a jà pé òun fẹ́ padà sétí tààrà. Kó dùbúlẹ̀ léfòó, kó gbé ọwọ́ kan sókè, kó máa lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́, bí etí òkun ṣe gùn lọ, títí tí fífà náà á fi dẹ̀, lẹ́yìn náà kó wọ́ bọ̀. Ẹnì kejì kò gbọdọ̀ bẹ́ sínú omi. Bí òkú méjì ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí ẹ dé ní ìdérí, tí ẹ so mọ́ okùn mítà 20, ni kó jù sí i, kó sì pariwo pe àwọn apẹja. Ẹ so kẹ́ẹ̀gì náà kí ẹ tó dé etí omi. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n kì í rí okùn so.

Ọjọ́ kẹfà àti ìkeje: Aného, Lomé

Hillacondji jọ Sèmè: òǹtẹ̀ ìjáde, òǹtẹ̀ ìwọlé, ìwé ọkọ̀ tuntun fún Tógò. Ti Benin kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ dá aago padà ní wákàtí kan. Aago mẹ́wàá Benin ni aago mẹ́sàn-án Tógò. Ní àbọ̀, wákàtí yẹn á sọnù, ẹ kà á mọ́ ètò yín.

Aného bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, láàárín ọ̀sà àti òkun. Láti ibẹ̀ lọ sí Lomé, bíi 45 kìlómítà, ẹ ó rí ilé tí òkun ti jẹ ìdajì rẹ̀, ògiri yàrá tó ṣí sílẹ̀ sí ìgbì. Iyanrìn etí òkun yìí láti ìwọ̀ oòrùn ló ti ń wá sí ìlà oòrùn. Ìdídò Akosombo ní Gánà, tí wọ́n parí ní 1965, dá iyanrìn odò Volta dúró. Èbúté Lomé tí wọ́n ṣí ní 1968 tún dí èyí tó kù, apá ìlà oòrùn èbúté sì ń jẹ. Torí náà, ẹ má páàkì sí etí ilẹ̀ tó ga lójú òkun, nítorí inú rẹ̀ lè ti ṣófo. Bákan náà, ẹ pe hòtẹ́ẹ̀lì etí omi lọ́sẹ̀ tí ẹ ń bọ̀ láti mọ̀ bóyá etí omi rẹ̀ ṣì wà.

Ní Agbodrafo, ẹ gba ọkọ̀ ọpọ́n kọjá adágún lọ sí Togoville, níbi tí wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú Jámánì ní ọjọ́ karùn-ún oṣù keje 1884. Omi náà kò jìn. Ọ̀pá ni ọlọ́kọ̀ fi ń ti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wákàtí mẹ́ta tó fún àlọ, ìwòran àti àbọ̀.

Ní Lomé, ẹ wa Boulevard du Mono létí òkun láàárọ̀, ẹ rìn lórí iyanrìn ní ọ̀sán níbi tí èrò wà, ẹ má sì débẹ̀ lálẹ́, torí olè. Àdúgbò Anagokomé ń fi orúkọ rẹ̀ sọ pé àwọn oníṣòwò Yorùbá ti dé ibẹ̀ tipẹ́. "Akpé" ni wọ́n fi ń dúpẹ́. Gbogbo ènìyàn ló ń yọ̀ mọ́ àlejò tó bá sọ ọ́.

Ọjọ́ kẹjọ: àbọ̀

Ẹ gba ọ̀nà ńlá tààrà padà, kí ẹ má yà mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni òkun wà báyìí. Bí ẹnubodè kejì bá máa bọ́ sí lẹ́yìn aago mẹ́rin ọ̀sán ti Benin, ẹ sun Kútọnu. Ẹ dá ìwé ọkọ̀ padà fún kọ́sítọ̀ọ̀mù níbi kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ti béèrè rẹ̀, ẹ sì wo òǹtẹ̀ ìjáde.

Ní ọjọ́ kejì tí ẹ bá délé, ẹ gbé ọkọ̀ lọ sí ibi ìfọkọ̀ tó ní omi alágbára, ẹ sọ fún wọn pé abẹ́ ọkọ̀ ni ẹ fẹ́ ní pàtàkì: inú máńdígáàdì, ìdí bíréèkì, ẹ̀yìn bọ́ńpà. Omi lásán, omi tí kò ní iyọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó kéré tán. Ẹ gbá iyanrìn inú ọkọ̀ kúrò kí ọṣẹ tó kàn án, ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sínú oòrùn, torí iyọ̀ tó kù síbẹ̀ á máa fa ọ̀rinrin, ilẹ̀ ọkọ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà láti inú, níbi tí ojú kò tó.